Ọmọ mi ṣe ipò 38, kóòṣì wọn ń dì mọ́ ọn: ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ń pè ní cross country yìí gan-an?

MamaKaty:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan tó ti ń fa àríyànjiyàn nílé mi látìgbà tí wọ́n ti wọlé ní oṣù kẹjọ. Ọmọ mi ọkùnrin wà ní kíláàsì kọkànlá níbí ní Katy, lẹ́bàá Houston. Bọ́ọ̀lù ló máa ń gbá tẹ́lẹ̀, bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ tiwa o, kì í ṣe èyí tí wọ́n ti ń forí kan ara wọn yẹn, àfi bó ṣe wọlé lọ́jọ́ kan tó ní òun ti wọ tíìmù cross country. Mo ní kí ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ó ní wọ́n ń sáré. Mo ní sáré lọ síbo? Ó ní kò síbi tí àwọn ń lọ, àwọn á kàn sáré kìlómítà 5 nínú pápá, nínú igbó, lórí òkè, tó bá ti parí ó ti parí. Mo wò ó títí.

Wọ́n ní torí oòrùn Texas, ìdájí ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa ṣe práktíìsì, kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti wà lójú títì. Èmi, iṣẹ́ alẹ́ ni mò ń ṣe, ìyẹn ni pé dádì ẹ̀ ló ń gbé e lọ, ẹ sì mọ bí ọkùnrin ṣe máa ń rí tí wọ́n bá jí i ní aago márùn-ún ìdájí torí nǹkan tí kò yé e. Lójoojúmọ́ ni mò ń gbọ́ ẹjọ́ yìí.

Ó wá di Sátidé tó kọjá, a jọ lọ wò wọ́n. Àwọn ọmọ tó tò síbẹ̀ lé ní igba, wọ́n yìnbọn, gbogbo wọn ya lọ bí ìgbà tí ọjà tú, lẹ́yìn ìṣẹ́jú bíi méjìdínlógún ọmọ mi yọ, ó ṣe ipò 38. Kóòṣì wọn sáré lọ dì mọ́ ọn! Àwọn ọmọ tíìmù ẹ̀ ń pariwo orúkọ ẹ̀, wọ́n ń gbá a lẹ́yìn gbì gbì, ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ ń sunkún ayọ̀. Dádì ẹ̀ yíjú sí mi, ó ní "ipò kejìdínlógójì ni wọ́n ń yọ̀ lé lórí yìí? Nígbà tèmi, ẹni tó bá gbé ipò kejìdínlógójì wálé, ẹ̀yìn ilé ló máa gbà wọlé." Mo rẹ́rìn-ín ṣùgbọ́n òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò yé èmi náà. Mo bi ọmọ náà, ó ní òun ni ẹni karùn-ún nínú tíìmù, pé ẹni karùn-ún ló ṣe pàtàkì jù. Báwo ni karùn-ún ṣe máa ṣe pàtàkì ju àkọ́kọ́ lọ?

Ìbéèrè mi nìyí: ṣé òótọ́ ni nǹkan tó sọ? Ìgbà wo ni eré yìí máa parí lọ́dún yìí, torí SAT, ìdánwò tó fẹ́ fi wọ yunifásítì, ń bọ̀? Àti pé kí ni mo lè máa fún un jẹ, torí oúnjẹ tó ń jẹ báyìí, ẹni mẹ́ta ló ń jẹ ẹ́.

Alagba_Alief:
Ìyá, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi eré tàn yín jẹ o. Ìwé la tìtorí ẹ̀ kó wọn wá síbí. Tó bá sì jẹ́ pé dandan ni kó sáré, kó sá eléyìí tí Ọlọ́run fi jíǹkí wa, eré kúkúrú. Ṣé ẹ rí Tobi Amusan ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, UTEP ní El Paso níbí ní Texas yìí kan náà ló ti kàwé, lọ́dún 2022 ní Eugene ó fo hurdles 100 mítà ní sẹ́kọ́ńdì 12.12, kò sí obìnrin kankan tó ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí láyé. Falilat Ogunkoya náà ńkọ́, bàbà ní 400 mítà ní Atlanta 1996. Ẹni tó bá fẹ́ sá eré gígùn, kó lọ bá àwọn ará Kenya àti Ethiopia. Ipò 38, wọ́n ń dì mọ́ ọn. Amẹ́ríkà yìí náà sha.

Ayo_5K:
Ẹ kú ilé mà, ẹ kú ilé Alàgbà. Mo wà ní yunifásítì báyìí ṣùgbọ́n mo sá cross country fọ́dún mẹ́rin ní sẹ́kọ́ńdìrì níbí ní Texas, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, torí ọmọ yín ò parọ́ rárá.

Mà, cross country kì í ṣe eré ẹnì kan. Ó jọ bẹ́ẹ̀ lójú, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ méje ni tíìmù varsity kọ̀ọ̀kan, ìyẹn tíìmù àgbà ilé ẹ̀kọ́, máa ń kó jáde. Nínú àwọn méje yẹn, ipò àwọn márùn-ún tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n máa rò pọ̀. Tó o bá ṣe ipò kìn-ín-ní, pọ́ìǹtì 1 lo gbé wá, tó o bá ṣe 38, pọ́ìǹtì 38. Tíìmù tí òǹkà ẹ̀ bá KÉRÉ jù ló jáwé olúborí. Òǹkà tó dáa jù láyé ni 15, ìyẹn tí àwọn márààrún bá ṣe 1, 2, 3, 4, 5.

Ẹ wò ó báyìí. Ká ní tíìmù A ṣe ipò 1, 4, 9, 22, 38. Ẹ rò ó pọ̀, 74 ni. Tíìmù B ò ní ẹni tó ṣe ipò kìn-ín-ní, kò tiẹ̀ ní ẹni tó wọ inú márùn-ún àkọ́kọ́, àwọn ṣe 6, 8, 12, 17, 24. Ìyẹn jẹ́ 67. Tíìmù B ló gba ife ẹ̀yẹ o! Ọmọ tó ṣe first yẹn máa gba mẹ́dàlì tiẹ̀, ṣùgbọ́n tíìmù ẹ̀ ti lulẹ̀. Ó wá kù sọ́wọ́ ẹni karùn-ún. Tí ẹni karùn-ún tíìmù A bá fi lè lé ẹni mẹ́wàá ba kó tó dópin, tó ṣe 28 dípò 38, òǹkà wọn di 64, wọ́n ti borí. Ẹni àkọ́kọ́ ò lè ṣe ju 1 lọ bó ti wù kó sá a tó, ibi tó lè dé ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni karùn-ún ló ní àyè láti gba pọ́ìǹtì mẹ́wàá, ogún, ọgbọ̀n padà, torí pé láàrin eré níbẹ̀ yẹn làwọn èèyàn ti pọ̀, tó o bá dẹ ẹsẹ̀ fún sẹ́kọ́ńdì mẹ́rin péré, èèyàn mẹ́jọ á ti kọjá lára ẹ.

Ohun tí kóòṣì ń wò nìyẹn nígbà tó ń dì mọ́ ọn. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé 60 ló ń ṣe tẹ́lẹ̀.

Ẹni kẹfà àti ẹni keje náà ò wà lásán o. Wọn kì í ka pọ́ìǹtì tiwọn, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá dé ṣáájú ẹni karùn-ún tíìmù mìíràn, wọ́n ti tì í sẹ́yìn, pọ́ìǹtì onítọ̀hún ti lé. Tí tíìmù méjì bá sì ta ọ̀mì, ẹni kẹfà wọn ni wọ́n máa wò láti mọ ẹni tó borí. Ìdí nìyí tí àwọn ọmọ wọ̀nyẹn fi máa ń fẹ́ràn ara wọn ju bó ṣe yẹ lọ, torí ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń gbé ẹni tó wà níwájú.

Nípa àsìkò: oṣù kẹjọ sí oṣù kọkànlá. Ní Sátidé kọ̀ọ̀kan wọ́n á máa lọ sí invitational káàkiri, ìyẹn ìdíje tí ilé ẹ̀kọ́ kan pe àwọn tó kù sí, tó bá di oṣù kẹwàá district, ìdíje àwọn ilé ẹ̀kọ́ àdúgbò, á dé, tíìmù tó bá ṣe dáadáa á lọ sí regional, ti ẹkùn, lẹ́yìn náà state, ti gbogbo ìpínlẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kọkànlá ní Old Settlers Park ní Round Rock. Púpọ̀ nínú tíìmù, district ló máa ń parí sí fún wọn. Nítorí náà kò gùn tó bẹ́ẹ̀ mà. Ẹ jẹ́ kó parí ẹ̀.

Ohun kan sí i, ẹ má wo aago ẹ̀ láti ibi kan sí ibòmíràn. Pápá kan máa tẹ́ pẹrẹsẹ, òmíràn máa ní òkè àti ẹrẹ̀, ẹni tó sá ìṣẹ́jú 17 àti ààbọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá lè sá 18 àti ààbọ̀ lọ́sẹ̀ yìí kó sì jẹ́ pé tọ̀sẹ̀ yìí gan-an ló dáa jù. Ipò ni kẹ́ ẹ máa bi í, àti àlàfo tó wà láàrin ẹni àkọ́kọ́ wọn àti ẹni karùn-ún. Tí àlàfo yẹn bá ń kéré sí i bí ọ̀sẹ̀ ṣe ń gorí ọ̀sẹ̀, tíìmù yẹn ń bọ̀ nìyẹn.

NoosiRisi:
Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ayọ̀, o ṣé, ó yé mi wàyí, ọdún kejì tí ọmọ àbúrò mi ti ń sá a rèé tí mo ń pàtẹ́wọ́ láìmọ ohun tí mò ń pàtẹ́wọ́ fún.

MamaKaty, kò sẹ́ni tó tíì bi yín ní ohun tó yẹ kí ọmọ Yorùbá kọ́kọ́ bi ọmọ Yorùbá. Kí ni jẹnotáìpù ẹ̀?

Mi ò fi dẹ́rù bà yín o. Tó bá jẹ́ AA, ẹ fò ó. Tó bá jẹ́ AS, tó sì jẹ́ pé nínú ọmọ Nàìjíríà mẹ́rin ọ̀kan máa ń jẹ́ AS, ó lè sá eré yìí, kò sí dókítà tó máa ní kó má sá a, ṣùgbọ́n kóòṣì àti trainer wọn, ẹni tó ń tọ́jú ìlera àwọn eléré, GBỌ́DỌ̀ mọ̀. Tí ẹni tó ní AS bá ń sá eré àsápajúdé, tí oòrùn mú, tí omi ara ẹ̀ sì ti gbẹ, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í di onídòjé lójijì, kó sì di nǹkan pàjáwìrì. Àwọn ọmọ tó ti kú báyìí lórí pápá wà, ìdí nìyẹn tí NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá yunifásítì, fi sọ ọ́ di dandan lọ́dún 2010 pé kí eléré ìdárayá tuntun ní Division I, ìpele tó ga jù, ṣe àyẹ̀wò ẹ̀, àfi tó bá ní èsì tẹ́lẹ̀ tàbí tó fọwọ́ síwèé pé òun ò ṣe é, wọ́n sì fà á dé àwọn ìpele tó kù lẹ́yìn náà.

Àmì ẹ̀ nìyí, torí àwọn èèyàn máa ń rò pé iṣan ló fà: tó bá jẹ́ pé iṣan fà á, ẹran ara máa le gbandi, onítọ̀hún á máa kígbe. Tó bá jẹ́ ti ẹ̀jẹ̀ yìí, ẹsẹ̀ ló máa kọ́kọ́ rọ̀ ọ́, kò ní lágbára mọ́, ó lè jókòó sílẹ̀ wẹ́rẹ́ láìpariwo, ẹran ara ẹ̀ ò sì ní le tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún un pé "ọkùnrin kì í dúró." Kó dúró, kí wọ́n gbé e sí ibòji, kí wọ́n fún un ní omi, tí kò bá sì yí padà kíá, 911. Lójú ọ̀nà práktíìsì, kó máa fi díẹ̀díẹ̀ kún eré ẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹjọ, kó má dédé bẹ̀rẹ̀ sí í sá èyí tó le jù, kó sì máa sinmi dáadáa láàrin àwọn àsátúnsá tí wọ́n máa ń ṣe yẹn.

Tí ẹ ò bá mọ jẹnotáìpù ẹ̀, tó sì jẹ́ pé Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí, wọ́n ti ṣe é fún un nígbà tó wà ní ìkókó, láti 2006 gbogbo ìpínlẹ̀ ló ń ṣe é fún ọmọ tuntun. Ẹ pe dókítà ọmọdé ẹ̀, ó máa wà nínú ìwé.

MamaKaty:
Ha! Noosi, ẹ ṣeun gan-an ni. AS ni. Èmi gan-an AS ni mí, dádì ẹ̀ AA. A mọ̀ ọ́n láti kékeré ṣùgbọ́n kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn pé ó kan eré, ìgbéyàwó nìkan la máa ń rò ó sí. Mo ti kọ lẹ́tà sí kóòṣì báyìí báyìí, mo sì da ẹ̀dà ẹ̀ kọ trainer. Kóòṣì fèsì láàrin wákàtí kan, ó ní òun ti ní ọmọ AS méjì lọ́dún tó kọjá, òun mọ ohun tó yẹ. Ọkàn mi balẹ̀ díẹ̀.

Ayọ̀, ọmọ mi, Ọlọ́run á bá ẹ ṣe é. Mo ka èyí tó o kọ fún dádì ẹ̀, ó mú bírò, ó ń rò ó pọ̀ fúnra ẹ̀ lẹ́yìn àpòòwé. Kò sọ nǹkan kan.

OmoRedHouse:
Ẹ̀rín pa mí lórí "ẹ̀yìn ilé ló máa gbà wọlé" yẹn.

Alàgbà, ẹ má bínú o, mi ò fara mọ́ ti eré kúkúrú yẹn. Èmi jáde ilé ẹ̀kọ́ bódìn ní Ìbàdàn, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún a máa ń sá cross country nílé wa, gbogbo ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ni, kò sí àwáwí àfi tó o bá ní ìwé sick bay. Wọ́n á lé wa jáde lẹ́nu ọ̀nà, a máa gba ìgbẹ́ kọjá, a máa gba inú odò kékeré kan, àwọn prefect á dúró lójú ọ̀nà láti rí i pé ẹnì kan ò gun ọ̀kadà. (Àwọn kan gùn ún.) Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ́ kí n rántí ni: tiwa náà, pọ́ìǹtì house ni wọ́n ń rò. Gbogbo ẹni tó bá dé láàrin àkókò tí wọ́n dá máa mú pọ́ìǹtì wá fún Red House. Ọdún kan tí a gbà á, kì í ṣe torí ẹni tó ṣe first, Blue House ló ni ìyẹn, torí pé àwọn ọmọ JSS wa gbogbo ló fẹsẹ̀ wọ́ ara wọn délé kí aago tó lù. Ṣé ẹ rí i pé kì í ṣe ti òyìnbó nìkan? Àwa la gbàgbé, torí inter-house sports ló gbajúmọ̀ jù, march past, 100 mítà, relay, kí àwọn òbí jókòó lábẹ́ kánópì. Ta ló máa dúró sínú igbó láti wo ẹni tó ń sáré bọ̀ láti ibi tí kò hàn?

Lórí pé ti Kenya ni: ìpínlẹ̀ Plateau ńkọ́? Àwọn tó máa ń sá eré gígùn ní Nàìjíríà, agbègbè Jos ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá, orí òkè ni wọ́n ń gbé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀jẹ̀, ibi tí èèyàn gbé àti ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ láti kékeré ni. Látìgbà tí eré ojú pópó Okpekpe ní ìpínlẹ̀ Edo ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013, tí máratọ́ọ̀nù Èkó náà tẹ̀ lé e lọ́dún 2016, mo ń rí àwọn ọmọ Yorùbá tó ń jí sáré lórí Third Mainland tí wọn ò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ẹ wo Meb Keflezighi. Ọmọ Eritrea ni, ogun ló lé wọn, San Diego ni wọ́n wá já sí, sẹ́kọ́ńdìrì ìjọba níbẹ̀ ló ti sá cross country. Ó gba fàdákà máratọ́ọ̀nù ní Athens 2004 fún Amẹ́ríkà, ó gba New York 2009, ó gba Boston 2014, ọdún kan lẹ́yìn bọ́ǹbù tó bú níbi eré náà. Mi ò ní ọmọ MamaKaty máa di Meb o. Mo kàn ní kí Alàgbà má pa ilẹ̀kùn dé.

Alagba_Alief:
OmoRedHouse, mo gbọ́. Mo gbà fún yín lórí Jos. Ṣùgbọ́n ẹ dáhùn èyí tí mo béèrè gan-an: ìwé ńkọ́? Ọmọ tó bá jí ní aago márùn-ún, tó sá máìlì márùn-ún kó tó wọ kíláàsì, ṣé kò ní sùn lọ nínú Chemistry? Ẹ sì sọ fún mi, ṣé sikọ́láṣíìpù wà nínú ẹ̀ àbí kò sí?

Ayo_5K:
Alàgbà, ìbéèrè gidi nìyẹn sà.

Ti ìwé: ní Texas òfin kan wà látọdún 1984 tí wọ́n ń pè ní "no pass, no play". Tí ọmọ bá gba ohun tó kéré sí 70 nínú subject kan nígbà tí wọ́n bá fún wọn ní èsì, kò lè bá wọn díje fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ó kéré tán, títí yóò fi gbé máàkì yẹn sókè. Tíìmù tó bá sì jẹ́ pé ẹni karùn-ún wọn ló kùnà Chemistry, gbogbo wọn ló jìyà ẹ̀. Nígbà tiwa, bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa lọ sí invitational, ibẹ̀ la ti máa ń ṣe homework, ẹni àkọ́kọ́ wa ló ń kọ́ ẹni kẹfà ní Algebra torí pé ó mọ̀ pé tí ẹni yẹn bá bọ́ sílẹ̀ òun náà ti bọ́ sílẹ̀. Mọ́mì mi ò lè fi pàṣán mú irú ìmọ́lẹ̀ yẹn wọ ilé wa.

Ti orun, ẹ ò jẹ̀bi, ó ṣòro. Kó sùn ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Kí wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ ẹ̀.

Ti sikọ́láṣíìpù, ẹ má fọkàn sí i. Títí di ọdún 2025, sikọ́láṣíìpù 12.6 péré ni ilé ẹ̀kọ́ Division I lè ná sórí àwọn ọkùnrin, tí wọ́n á pín in fún àwọn cross country, àwọn onísáré kúkúrú, àwọn tó ń ju òkò irin, àwọn tó ń fò sókè, gbogbo wọn látinú ìkòkò kan náà. Ẹlòmíràn á gba ìdá kan nínú mẹ́rin, ẹlòmíràn owó ìwé lásán. Òfin ti yí padà ṣùgbọ́n kò túmọ̀ sí pé owó ti pọ̀. Division III ò tiẹ̀ gbọdọ̀ fúnni lówó torí eré rárá. Owó tó máa bá ọmọ MamaKaty jáde, inú SAT ló máa ti wá. Ṣùgbọ́n nínú èsé tó máa kọ sí yunifásítì, ó ti ní nǹkan tó máa kọ.

NoosiRisi:
Ẹ jẹ́ n fi ti oúnjẹ kún un, kẹ́ ẹ má bàa gbàgbé pé ó béèrè. Alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú eré, ìrẹsì dáa, iṣu dáa, ẹ̀bà náà ò burú tó bá ti mọ́ ọn lára, ọbẹ̀ tí òróró ò léfòó lórí ẹ̀. Àárọ̀ ọjọ́ eré, ó kéré tán wákàtí méjì sí mẹ́ta kó tó sáré: búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, tàbí ògì tí kò nípọn. Kì í ṣe ẹ̀wà. Kì í ṣe àkàrà. Mo mọ̀ pé Sátidé ni ọjọ́ àkàrà ṣùgbọ́n kó dúró di ìgbà tó bá padà dé, torí òróró àti ẹ̀wà nínú ikùn ẹni tó fẹ́ sá kìlómítà 5, ẹ̀gbẹ́ ló máa gbá a mú.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ obìnrin nínú eré yìí, ẹ jẹ́ kí dókítà wo ferritin wọn, ìyẹn irin tó wà nípamọ́ nínú ara. Àwọn tó ń sá eré gígùn máa ń tètè jó irin ara wọn tán, pàápàá ọmọbìnrin tó ti ń rí nǹkan oṣù. Tó bá ṣàdédé ń rẹ̀ ẹ́ tí eré ẹ̀ ń falẹ̀, ẹ má kọ́kọ́ pè é ní ọ̀lẹ. Ẹ̀fọ́, ẹ̀wà, ẹran pupa, ẹ̀dọ̀, kó mu ọsàn sí i, kó má sì mu tíì mọ́ ọn torí tíì kì í jẹ́ kí irin wọlé. Ẹ má ra ògùn irin fúnra yín láìyẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

Bàtà náà: tó bá ti sá bíi 300 sí 500 máìlì, ó ti kú, bó ti wù kó ṣì máa dán lókè. Bàtà oníṣóńṣó tí wọ́n fi ń díje yẹn, kó má wọ̀ ọ́ lọ práktíìsì ojoojúmọ́.

MamaKaty:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ẹ ṣì tún bá mi wo èyí. Dádì ẹ̀ ti yí padà o, ó ti yí padà dé ibi tó ti ń fẹ́ kó wàhálà bá wa. Ní invitational tó kọjá, bó ṣe rí i tí ọmọ ń bọ̀ ló bá bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ okùn tó ń bá a sáré, nínú sálúbàtà, ó ń pariwo "gbé e! gbé e! má jẹ́ kí aláwọ̀ ewé yẹn lọ!" Ọkùnrin kan tó wọ fẹ́sìtì ní kó kúrò níbẹ̀. Ọmọ ò bá a sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Ayo_5K:
Mo rẹ́rìn-ín débi tí roommate mi fi wá wò mí. Mà, ẹ bá mi bẹ dádì. Òfin ò fàyè gbà á kí ẹnikẹ́ni máa bá olùdíje sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n lè fagi lé ọmọ náà torí ẹ̀, tí wọ́n bá sì fagi lé ẹni karùn-ún, ẹ ti mọ̀ báyìí ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sí òǹkà.

Ohun tí wọ́n lè ṣe ni pé kí wọ́n dúró lójú kan ní máìlì kejì. Gbogbo òbí máa ń dúró níbi ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, ariwo pọ̀ níbẹ̀. Máìlì kìn-ín-ní, ara ṣì gbóná. Máìlì kẹta, o ti ń gbọ́ ariwo òpin. Máìlì kejì ni kò sí ẹnì kankan, igbó nìkan, èémí ẹ nìkan lò ń gbọ́, ibẹ̀ lọkàn ti máa ń sọ fún ọ pé kí ló dé tí o ò dúró. Kí dádì dúró síbẹ̀, kí wọ́n má sọ pé "sáré", ó mọ̀ pé eré lòun ń sá. Kí wọ́n máa kà fún un: "aláwọ̀ ewé mẹ́ta ló wà níwájú ẹ, èyí tó kẹ́yìn ti ń rẹ̀." Nǹkan tó lè lò nìyẹn.

OmoRedHouse:
"Aláwọ̀ ewé mẹ́ta ló wà níwájú ẹ, èyí tó kẹ́yìn ti ń rẹ̀." Èmi tí mo wà ní ọ́fíìsì gan-an fẹ́ dìde sáré.

MamaKaty:
Ẹ̀yin ará, district ti kọjá. Mo ní kí n má fi yín sínú òkùnkùn.

Tíìmù wọn ṣe ipò kejì, wọ́n ń lọ sí regional! Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o, ọmọ mi kọ́ ni ẹni karùn-ún lọ́jọ́ yẹn. Ọmọkùnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wà ní kíláàsì kẹsàn-án, ọmọ Vietnam kékeré kan báyìí, ló kọjá lára ẹ̀ ní nǹkan bíi igba mítà sópin. Inú bí mi. Ẹ má dá mi lẹ́jọ́, inú bí mi gan-an, mo ń wo ọmọ yẹn bíi pé ó jí nǹkan wa gbé. Nígbà tí mo máa fi dé ìdí àgọ́ wọn, àwọn méjèèjì ti jọ na ẹsẹ̀ sílẹ̀ lórí koríko, wọ́n jọ ń jẹ chips nínú ọ̀rá kan, ọmọ mi ló sì ń sọ fún un bí eré ẹ̀ ṣe dáa tó. Mo fà á sẹ́yìn, mo ní ṣé kò dùn ẹ́ ni? Ó ní ó dùn òun díẹ̀, ó wá ní "ṣùgbọ́n Mummy, èmi ni ẹni kẹfà, mo ṣì dé ṣáájú ẹni karùn-ún àwọn aláwọ̀ ewé, mo ti tì í sẹ́yìn." Dádì ẹ̀ fèsì látẹ̀yìn, ó ní òun ti rò ó pọ̀, pé kò sírọ́ ńbẹ̀. Àwọn méjèèjì wá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn nípa òǹkà regional, èmi ò gbọ́ èdè tí wọ́n ń sọ mọ́.

Kóòṣì ní kí àwọn òbí wá bá wọn se oúnjẹ alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú regional, wọ́n máa ń jọ jẹun pọ̀, pásítà ni wọ́n sábà máa ń sè. Dádì ẹ̀ ti lọ gbà pé jọ̀lọ́ọ̀fù la máa sè fún gbogbo wọn, láìbi mí o. Ṣé ó dáa bẹ́ẹ̀?

NoosiRisi:
Ó dáa gan-an, ìrẹsì ni ohun tí ara wọn ń fẹ́. Ẹ bi kóòṣì ẹni tí ara ẹ̀ ò gba ẹ̀pà tàbí edé kẹ́ ẹ tó gbé ìkòkò kaná, ẹ má fi òróró ẹ̀pà sè é. Ẹ dín ata kù dáadáa, Ìyá. Mo mọ̀ yín. Ẹ dín in kù, kẹ́ ẹ tún wá dín in kù sí i, ká má bàa lọ bá ẹni kìn-ín-ní wọn lórí ìlà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà tí wọ́n bá yìnbọn.

Alagba_Alief:
Ẹ gbé tèmi pamọ́ sí kúlà. Ibo ni wọ́n ti fẹ́ sá regional yìí, aago mélòó?